Oyin Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Sọ Ọmọ Lórúkọ

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ṣé ara le? Ẹ fà mọ́ mi díẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Òfófó ni, mi ò ní purọ́, àmọ́ ẹni tó lọ̀rọ̀ gan-an ló ní kí n máa sọ ọ́, ó ní kó lè ṣe àwọn ẹgbẹ́ òun láǹfààní. Agbo ilé wa níbí ní Tẹ̀dé ló ti ṣẹlẹ̀. Tí mo bá rántí ẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já.

Mọ́rìnọ́lá lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ọmọ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì bíi tiyín. Ìyá ẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Gbénga, ògiri kan péré ló là wá láàárín. Tí wọ́n bá ro ọbẹ̀ lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń sín.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ò tíì lù. Mọ́rìn wà lóko ìyá ẹ̀, ó gbé táńkì oògùn kòkòrò kọ́ ẹ̀yìn, ó dúró sáàárín yànmọtí tó ti yọ òdòdó funfun rẹpẹtẹ. Dámilọ́lá ọ̀rẹ́ ẹ̀ jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ó ń wo fóònù.

"Mọ́rìn, yára jàre! Mọ́tò Ṣakí ò ní dúró dè wá o. Wọ́n á ti gé kéèkì tán ká tó débẹ̀."

"Mò ń bọ̀! Ṣé o rò pé táńkì yìí fúyẹ́ ni?"

Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nǹkan kan kó má baà rú yín lójú. Gbogbo àwọn tó ń dáko lágbègbè yẹn ló ní àdéhùn pẹ̀lú Bàbá Mùílì tó ń sin oyin. Àpótí oyin ẹ̀ mẹ́fà wà lábẹ́ igi kajú ní ìpẹ̀kun oko. Ẹni tó bá fẹ́ fín oògùn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Bàbá Mùílì ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń fín in, nígbà tí oyin bá ti wọlé tán. Bàbá á wá fi koríko tútù dí ẹnu àwọn àpótí náà títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kí oògùn náà fi lè gbẹ. Òun náà, tí ọmọ tuntun bá dé sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn, òun ló ń gbé oyin ìkómọ wá. Kì í gba kọ́bọ̀. Ó ti tó ọdún méjìlá tí wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Gbénga ti sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Ó ní, "Mọ́rìn, kòkòrò ti ń jẹ ewé yànmọtí wa. Tó o bá ti ilé ìwé dé lọ́la, yà sọ́dọ̀ Bàbá Mùílì, sọ fún wọn pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa fín in." Mọ́rìn ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbàgbé. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, Success ìyàwó Gbénga ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, Ìyá Gbénga àti Gbénga gbé e lọ sí ọsibítù, Mọ́rìn nìkan ló kù nílé. Ẹnìkan nínú kíláàsì wọn sì ń ṣe ọjọ́ ìbí ní Ṣakí. Tó bá dúró di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ ìbí ti lọ nìyẹn. Ló bá gbé táńkì ní àárọ̀.

Ó ní kì í ṣe pé ẹ̀rù ò ba òun. Ó kọ́kọ́ dúró, ó ń wo òdòdó. Oyin pọ̀ níbẹ̀ bí eèrà orí ṣúgà. Òdòdó yànmọtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ó dà bí àrọ kékeré tí wọ́n fi ń rọ epo, ọ̀fun ẹ̀ gùn, ó sì tóóró. Mọ́rìn bẹ̀rẹ̀, ó wo ìdí òdòdó kan, ó rí ihò kékeré níbẹ̀. Ó wo èkejì, ihò. Ó wo ẹ̀kẹta, ihò.

Ibẹ̀ ló ti rí kòkòrò dúdú ńlá kan, irú èyí tó máa ń lu igi àjà ilé, tó ń kùn bí ọ̀kadà tí sàlẹ́ńsà ẹ̀ ti jábọ́. Kò tilẹ̀ yà sí ẹnu òdòdó. Ẹ̀yìn òdòdó ló gùn lé, ó dá ìdí ẹ̀ lu, ó fa omi dídùn inú ẹ̀ mu, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò pẹ́ ni oyin kékeré kan náà bà síbẹ̀, ó fi ẹnu sí ihò tí èyí tó lọ ti lu sílẹ̀.

"Dámi, wá wo nǹkan! Olè ni wọ́n o! Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé!"

Dámi ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Gbogbo wọn náà lolè. Fún wọn ní tiwọn. Àbí oyin wo ló fẹ́ pè ọ́ lẹ́jọ́?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mọ́rìn bá ṣí ẹnu táńkì, ó ń fín in. Ó fín yànmọtí tán, ó tún kọjá sí elégédé tí ìyá ẹ̀ gbìn yí oko náà ká. Òdòdó elégédé ò rí bíi ti yànmọtí, ẹnu ẹ̀ ṣí gbayawu bí àwo ọbẹ̀. Oyin méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú bò wọ́n lára. Mọ́rìn fín in sínú àwo náà.

Àwọn oyin yẹn ò tiẹ̀ rọ́nà fò. Wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ń fi ẹ̀yìn yí gbirigbiri lórí iyẹ̀pẹ̀. Mọ́rìn dúró, ó ń wò wọ́n. Àmọ́ ó ti ṣe é. Ó fọ táńkì, ó dojú ẹ̀ délẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí, wọ́n jẹ kéèkì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Success bí ọmọkùnrin làǹtì-lanti. Hẹn, ayọ̀ ńlá! Gbogbo agbo ilé ń jó. Ẹnikẹ́ni ò rántí oògùn yànmọtí.

Ọjọ́ Ajé ni Bàbá Mùílì wọlé wá. Mo wà lójúde, mò ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá ò dé fìlà, ọwọ́ ló fi gbé fìlà náà bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tó sún mọ́ wa ni mo rí i pé òkú oyin ló kún inú ẹ̀.

"Ìyá Gbénga, ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á wò ó."

"Àmín o. Bàbá Mùílì, kí lẹ gbé dání yìí?"

"Ẹ̀ bá mi wò ó. Wọ́n kú jọ síwájú àpótí bí ẹní da ìyàngbò sílẹ̀. Àpótí mẹ́rin nínú mẹ́fà. Mo ti ń bi gbogbo olóko láti àárọ̀, bóyá ẹnìkan fín oògùn láìsọ fún mi. Gbogbo wọn ní àwọn ò fín nǹkan kan."

Ìyá Gbénga yíjú sẹ́yìn. Mọ́rìn wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ aṣọ ọmọ tuntun nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Mọ́rìn, ọ̀rọ̀ oògùn yẹn, ṣé o fín in ni?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀ yẹn ni gbogbo nǹkan ti bàjẹ́. Ká ní ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bóyá etí á gbóná díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. Àmọ́ ó wo fìlà yẹn, ó wo ojú ìyá ẹ̀.

"Rárá mà. Ẹ ò sí nílé, n ò wá fín in mọ́."

"Ṣé ẹ rí i," ni Ìyá Gbénga wí. "Àwa ò tíì fín in, Bàbá."

Bàbá Mùílì mí kanlẹ̀. "A jẹ́ pé àìsàn ló wọ̀ wọ́n. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ pé kì í ṣe oògùn, torí tó bá jẹ́ oògùn ni, gbogbo oyin inú àpótí mi ni mo gbọ́dọ̀ dà nù. Ohun tí oyin bá mu nínú òdòdó, inú afárá ló ń gbé e lọ. Àgbàlagbà lè lá a kó kàn bì. Ọmọ jòjòló ńkọ́?" Ó da òkú oyin náà sídìí ògiri, ó gbọn fìlà ẹ̀, ó dé e. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rí i. Oyin ìkómọ yín ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ìdajì ìgò."

Mo rí i tí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Mọ́rìn sínú omi. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà ò jẹun mọ́. Tí wọ́n bá gbé àmàlà síwájú ẹ̀, á máa fi ìka ya àwòrán sára ẹ̀. Tí ọmọ tuntun bá sín, á sáré wọ yàrá. Tí kòkòrò bá kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀, á ta gìrì. Ìyá ẹ̀ ní bóyá ibà ni, ó ra oògùn ibà fún un, ó lò ó. Kí ni oògùn ibà fẹ́ ṣe sí ẹ̀rù?

Ní Ọjọ́rú, ó yà sóko lẹ́yìn ilé ìwé. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù ba òun ni pé oko dákẹ́. Kò sí yùn-ùn kankan. Òdòdó elégédé ṣí ẹnu kalẹ̀, kò sẹ́ni tó wọ inú ẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ pé abo òdòdó elégédé máa ń ní ọmọ kékeré bí ẹyin ẹyẹlé nídìí. Àwọn ọmọ yẹn ti ń pọ́n, wọ́n ti ń rọ. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó já sí i lọ́wọ́. Ó kan òmíràn, ìyẹn náà já. Ó wo ọmọ elégédé tó kú sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ọmọ Success ló wá sí i lọ́kàn. Ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó sáré délé, bàtà ẹ̀ kan ò bá a wálé.

Ní ọjọ́ kejì ó fa Dámi sẹ́yìn kíláàsì.

"Dámi, mo fẹ́ sọ ọ́."

"Sọ kí ni? Orí ẹ pé báyìí? O ti ní o ò fín in. Tó o bá wá ní o fín in, olè àti òpùrọ́ ni wọ́n á pè ọ́ pọ̀."

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Orí ìka lásán ni wọ́n fi ń kan ọmọ lẹ́nu! Kí ni èyí tó fẹ́ ṣe é? Mọ́rìn, jọ̀ọ́, má dárúkọ mi o. Bàbá mi á pa mí."

Mọ́rìn wò ó, ó rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Tí ẹ̀rù bá ń ba ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, irú ìmọ̀ràn wo lo fẹ́ rí gbà níbẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì pé. Nígbà tí Mọ́rìn máa fi ti ilé ìwé dé, oyin ti dé. Ìyá ẹ̀ gbé e ka orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá Success, pẹ̀lú orógbó, obì, ataare àti àádùn. Mọ́rìn ti ra ṣúgà bọ̀ lọ́nà. Ìmọ̀ràn tó gbà nínú ọkàn ẹ̀ ni pé òun á sè é títí á fi pọ́n, òun á da oyin nù, òun á rọ omi ṣúgà sínú ìgò. Ṣẹ́ ẹ rí i bí irọ́ kan ṣe máa ń wá ẹnìkejì? Ó rọra wọ yàrá, ó gbọ́wọ́ lé ìgò.

"Mọ́rìn, kí lò ń wá?"

Success ò sùn. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀.

"Ẹ… ẹ má bínú, àǹtí. Mo fẹ́ nu eruku ara ẹ̀ ni."

"Gbé e sílẹ̀ jọ̀ọ́. Màámi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di àárọ̀ ọ̀la. Wá bá mi gbé ọmọ yìí, kí n sáré lọ wẹ̀."

Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó jáde. Ọmọ náà ò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ. Ó ya ẹnu, ó ń wá ọyàn kiri, kò rí i, ó gba ìka Mọ́rìn mú, ó ń fà á mu. Ìka tó fi tẹ táńkì oògùn! Mọ́rìn já ìka ẹ̀ gbà bí ẹni tí iná jó, ọmọ bá figbe ta. Nígbà tí Success padà dé, Mọ́rìn la ẹnu. Ó ní òun ti la ẹnu lóòótọ́. Àmọ́ àwọn àlejò ará Kìṣí wọlé pẹ̀lú ariwo, "Ìyá ìkókó, a kú oríire o!" ọ̀rọ̀ náà bá padà sínú ọ̀fun.

Àárọ̀ Sátidé. Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀ ná.

Aago mẹ́jọ, ojúde wa ti kún. Bàbá Ọláyanjú tó dàgbà jù nínú agbo ilé ló jókòó síwájú láti sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni wọ́n ní kó gbé àwo àwọn nǹkan ìkómọ? Mọ́rìnọ́lá! Àbúrò bàbá ọmọ ni, òun ló kàn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó kúnlẹ̀ sí, mò ń gbọ́ bí àwo kéékèèké ṣe ń gbá ara wọn lórí tíréè náà, ṣìnkìn ṣìnkìn ṣìnkìn.

Gbénga fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. "Mọ́rìn, ṣé òtútù ń mú ẹ ni, àbí ìwọ ni wọ́n ń sọ lórúkọ?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mọ́rìn ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá mú omi. "Omi rèé o. Omi ò lọ́tàá. O ò ní lọ́tàá." A ṣàmín. Ó fi kan ọmọ lẹ́nu. Ó mú iyọ̀. "Iyọ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn. Ayé ẹ á dùn." A ṣàmín. Ó fi díẹ̀ kàn án, ọmọ fún ojú pọ̀, a tún rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí oyin.

Mọ́rìn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìgbà yẹn lọ̀nà kan là sílẹ̀ fún òun. Ó ní òun lè jẹ́ kí tíréè bọ́. Wọ́n á bú òun ní ọlọ́wọ́ jíjá, oyin á dà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ nǹkan kan. Ọwọ́ ẹ̀ ti ń tẹ̀. Àmọ́ ó gbójú sókè, ó rí Gbénga tó ti gbé ìgò, tó ń rọ oyin tó kù sínú àwọn àwo tí wọ́n ń gbé káàkiri fún èrò. Àwọn ọmọdé ti na ìka. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ki ìka bọ̀ ọ́, mo ti lá a, mo tún ti ní, "Oyin yìí mà dùn o!"

Ìka Bàbá Ọláyanjú ti wà lórí ètè ọmọ.

"Ẹ má fi kàn án lẹ́nu!"

Ariwo tí Mọ́rìn pa, ewúrẹ́ ẹ̀yìn ilé gan-an sá. Ó ju tíréè sílẹ̀, ó di ọwọ́ Bàbá mú. Ẹ lè rò ó wò! Ọwọ́ àgbà ilé, lọ́jọ́ ìkómọ!

"Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?" "Ẹ gbá a mú!" "Ẹ̀mí wo ló gùn ún?"

"Oògùn wà nínú ẹ̀! Èmi ni mo fín in! Àárọ̀ ni mo fín in, mo fín in sínú òdòdó, èmi ni mo pa àwọn oyin Bàbá Mùílì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tu ú dànù, ẹ tu ú dànù!"

Ìka mi ṣì wà lẹ́nu mi, ẹ̀yin ọmọ. Ara mi tutù bí omi inú àmù. Lẹ́yìn náà lariwo sọ. Àwọn ìyá ń fi aṣọ nu ahọ́n ọmọ wọn. Success já ọmọ ẹ̀ gbà, ó ń sunkún, ó ń nu ètè ẹ̀ léraléra. Ẹnìkan gbé ìgò epo pupa dé, mo gbé ìgò náà sẹ́nu, mo mu ún bí omi. Mo ti rí i pé mò ń kú lọ. Inú mi dàrú títí di ọ̀sán, Ọlọ́run ló mọ̀ bóyá oyin ni o, bóyá epo ni.

Ìyá Gbénga la ọmọ ẹ̀ létí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Mùílì ló di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó kó gbogbo àwo náà jọ, ó gbẹ́ ihò lẹ́yìnkùlé, ó da oyin sí i, ó bò ó. Ó padà wá dúró síwájú Mọ́rìn tó dojú bolẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé ni ìyá ẹ bi ọ́ lójú mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Oyin tó kú, mo lè tún dẹ òmíràn. Inú mi ò dùn, àmọ́ mo lè tún dẹ òmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ni mo gbọ́ tí mo fi gé afárá fún ọmọ tuntun. Èmi ni mo gbé e wá fọwọ́ ara mi. Ká ní ohun burúkú ṣẹlẹ̀, ta ni wọ́n á pè ní apànìyàn?"

Bàbá Mùílì ní, "Dìde. O pẹ́ kó o tó sọ ọ́, àmọ́ o sọ ọ́."

Àádùn ni Bàbá Ọláyanjú fi kan ọmọ lẹ́nu dípò oyin. Ọmọ ń jẹ́ Ayọ̀tọ́lá. Ó wà, ara ẹ̀ le, ó ti ń rá báyìí. Ṣé májèlé wà nínú oyin yẹn lóòótọ́? Títí di òní, a ò mọ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Ẹ ò ní rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Mùílì ní kí Mọ́rìn bá òun lóko ní kùtù, kó tó lọ sílé ìwé. Mọ́rìn ti ròyìn kòkòrò dúdú yẹn fún un. Bàbá já òdòdó yànmọtí kan, ó là á sí méjì.

"Wo ọ̀fun ẹ̀ bó ṣe gùn, tó tóóró. Kòkòrò dúdú ńlá tó o rí, ara ẹ̀ sanra, kò lè gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi ń lu ìdí ẹ̀. Olè ni lóòótọ́. Ó jẹ, kò ṣiṣẹ́. Oyin kékeré tó bá rí ihò ọ̀fẹ́ náà á fẹnu sí i. Ta ni kì í fẹ́ ọ̀fẹ́? Ṣùgbọ́n ṣé yànmọtí yín kò so?"

Mọ́rìn wò ó. Yànmọtí ti so, èso ẹ̀ tò gègèrè lára igi.

"Akọ àti abo ẹ̀ jọ ń gbé nínú òdòdó kan náà ni. Kódà tí àlejò ò bá yà, ó lè bójú tó ara ẹ̀. Wàyí o, wo elégédé. Akọ ẹ̀ lọ́tọ̀, abo ẹ̀ lọ́tọ̀. Ó wá ṣílẹ̀kùn gbayawu. Kò sí ìdí tẹ́nikẹ́ni fi máa gba ẹ̀yìnkùlé. Oyin tó bá wọlé, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ọn lára láti ara akọ, á sì gbé e dé ara abo. Tí kò bá sẹ́ni tó gbé e, ọmọ á rọ. Olè kan lo rí lára yànmọtí, Mọ́rìnọ́lá. O wá pa gbogbo òṣìṣẹ́ elégédé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, láti kùtù òwúrọ̀, Mọ́rìn ń ṣe iṣẹ́ oyin. Á já akọ òdòdó, á ya ewé ẹ̀ kúrò, á fi ìyẹ̀fun ẹ̀ pa abo lára, ìkọ̀ọ̀kan, ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn á máa ro ó, ìrì á rẹ aṣọ ilé ìwé ẹ̀. Nílé ìwé, wọ́n ń pè é ní "Yùn-ùn." Kò dárúkọ Dámi fún ẹnikẹ́ni. Dámi fúnra ẹ̀ ló wá sóko lọ́jọ́ karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀, ó já akọ òdòdó kan, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn, elégédé mọ́kànlá péré ni wọ́n rí ká lóko tí mọ́tò máa ń kó kún.

Ẹ̀yin ọmọ wa, àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àṣìṣe kì í pa ni. Irọ́ tá a fi bo àṣìṣe ló ń wá ẹni tó máa pa, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa bá. Tó o bá ṣe ohun tí kò dáa, sọ ọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi ọ́. Má sì torí olè kan pe gbogbo èrò ọ̀nà lólè.

Ó yá, ẹ̀yin náà, ẹ má purọ́ fún mi. Ká ní ìwọ lo kúnlẹ̀ pẹ̀lú tíréè lọ́jọ́ yẹn, tí gbogbo ẹbí ẹ ń wò ọ́, tí ìka Bàbá ti kan ètè ọmọ, ṣé wàá pariwo ni, àbí wàá kàn jẹ́ kí tíréè bọ́, kó o sì máa wo èmi tí mo ti ń lá ìka?